Ẹ má tíì ju láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn nù: bẹ́ ẹ ṣe lè pààrọ̀ háàdì àti RAM rẹ̀ fúnra yín

Tí láptọ́ọ̀pù yín bá ń pẹ́ kó tó tàn, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tẹ Chrome ẹ lè lọ pọn omi dé kó tó ṣí, ẹ má tíì sọ pé ó ti kú o. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ló gbó, háàdì tó wà nínú ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí, ló ń fà á sẹ́yìn. Háàdì àtijọ́, awo ló wà nínú ẹ̀ tó ń yí bírí, ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan á wá máa sáré síwá sẹ́yìn lórí awo yẹn láti lọ bá fáìlì níbi tó wà. SSD, èyí tí wọ́n fi ń rọ́pò ẹ̀, ò ní nǹkan kan tó ń yí, ṣíìpù ni gbogbo ẹ̀. Tí fáìlì bá tò lẹ́sẹẹsẹ, háàdì máa ń ka bíi 100 MB ní sẹ́kọ́ǹdù kan, SSD tó ń lo SATA (irú ẹnu tí háàdì àtijọ́ náà ń lò) á ka bíi 500, ṣùgbọ́n kì í tiẹ̀ ṣe ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ yẹn ti pọ̀ jù, àwọn fáìlì pẹ́pẹ̀pẹ́ tí Windows ń ṣà jọ láti ibi ẹgbẹ̀rún nígbà tó bá ń tàn ló máa ń dá háàdì lóró, apá yẹn á sáré títí á fẹ́ẹ̀ dákú.

Àwọn kan á ní RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, lẹ máa kọ́kọ́ fi kún un. Èmi ò gbà. Ká ní ẹ ń tajà, RAM ni àtẹ iwájú ìsọ̀, háàdì ni yàrá ẹ̀yìn tẹ́ ẹ kó ọjà pamọ́ sí. Àtẹ ńlá dáa, ó ń dín lílọ bíbọ̀ kù, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn yẹn ló há, bó ti wù kí àtẹ tóbi tó, ẹ máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó pàtẹ láàárọ̀. Torí náà tí owó ọwọ́ yín bá mọ sí ìkan, ẹ ra SSD, kẹ́ ẹ jẹ́ kí RAM dúró di oṣù tó ń bọ̀. Àyàfi tó bá jẹ́ 2 GB tàbí 4 GB péré ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn á nílò méjèèjì dandan, torí Chrome nìkan lè jẹ 4 GB tán kó ṣì máa wá ẹran.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, Task Manager á jáde, ẹ lọ sí Performance. Ẹ wá ṣí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ máa ń ṣí lójoojúmọ́, Word, WhatsApp, Chrome tó ní táàbù rẹpẹtẹ, kẹ́ ẹ máa wò ó. Tí Disk bá ń wà ní 100% ṣáá tí Memory sì wà ní bíi ìdajì, háàdì ni ọ̀rọ̀ wà. Tí Memory bá ti gòkè kọjá 85% tí Disk náà ò sì sinmi, á jẹ́ pé RAM ti kún, Windows ti ń fi háàdì ṣe RAM. Ojú ibi Memory yẹn náà ni wọ́n máa ń kọ Slots used sí, tẹ́ ẹ bá rí 1 of 2, ojú kan tí wọ́n ń ki RAM sí ṣì ṣófo nìyẹn, ẹ ti rí èrè jẹ.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé lórí ṣá. Tí ọrùn síkírìnì bá ti kán, tí bátìrì ti wú, tí kíbọ́ọ̀dù ò tẹ̀ mọ́, ẹ ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó dá ọwọ́ lé e, ó lè jẹ́ pé tòkunbọ̀ míì ló máa dín owó kù. Àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kékeré tó jẹ́ 32 GB eMMC (ṣíìpù tó ń tọ́jú fáìlì) ni wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ibi tẹ́ ẹ máa ki SSD sí rárá, RAM wọn náà lílẹ̀ ni. Èyí tó ń lo Core 2 Duo, ṣíìpù Intel àtijọ́, ńkọ́? Ó máa yá díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi SSD sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi owó mi ra RAM DDR2 lónìí.

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni ThinkPad X230 tí Lenovo gbé jáde ní 2012, tí ṣíìpù Intel (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ti jẹnẹréṣọ̀n kẹta wà nínú ẹ̀, torí pé títú ẹ̀ ò le rárá, ohun tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ lórí ẹ̀ á wúlò fún Dell Latitude àti HP EliteBook ìgbà yẹn náà, ibi tí wọ́n fi nǹkan sí ló kàn yàtọ̀. Ẹ wo ìdí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ máa rí orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lódindi, kì í ṣe "HP mi" tàbí "Dell dúdú". Ẹ wá fi nọ́ńbà yẹn wá maintenance manual ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lenovo, Dell àti HP máa ń gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́, àwòrán wà nínú ẹ̀ tó ń fi hàn nọ́ọ̀tì wo lẹ máa kọ́kọ́ tú. Ẹ má fojú fo ìyẹn, ó sàn ju fídíò míì tí ẹni tó ṣe é ń sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí kó tó mú sukudiráfà.

Ọ̀rọ̀ RAM. RAM láptọ́ọ̀pù kúrú, SODIMM lorúkọ ẹ̀, ti désítọ́ọ̀pù gùn jù ú lọ, kò lè wọlé. Irú RAM ni DDR2, DDR3, DDR4 àti DDR5, kò sí èyí tó lè rọ́pò èkejì nínú wọn, àlàfo tó wà létí wọn ò sí lójú kan náà, tẹ́ ẹ bá rí i pé kò fẹ́ wọlé ẹ má fi tipátipá tì í. Láti mọ èyí tí tiyín ń lò, ẹ wo orúkọ ṣíìpù Intel yẹn. i5-3320M, nọ́ńbà 3 tó ṣáájú ló ń sọ pé jẹnẹréṣọ̀n kẹta ni. Ìkejì àti ìkẹta ń lo DDR3. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ń lo DDR3L, ìyẹn èyí tó ń lo iná 1.35 volt dípò 1.5. Láti ìkẹfà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ọ̀pọ̀ jù lọ ti bọ́ sí DDR4, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ìkẹfà ṣì ń lo DDR3L, torí náà ẹ dánlódù CPU-Z, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ Memory àti SPD, ó máa sọ gbogbo ẹ̀ láìṣẹ̀tàn. Ibi tí wàhálà máa ń wà ni ìkẹrin yẹn: tẹ́ ẹ bá ki DDR3 tí kò ní L sínú láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ DDR3L nìkan ló mọ̀, kò ní tàn, ẹ máa rò pé ẹ ti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n X230 gba méjèèjì, torí náà èmi máa ń sọ fún èèyàn pé DDR3L ni kí wọ́n ṣáà rà, tí láptọ́ọ̀pù bá yí padà lọ́la ó ṣì lè wúlò.

X230 ní ojú méjì, 8 GB sí ìkan, 16 GB lápapọ̀, ó parí síbẹ̀. RAM DDR3 tó jẹ́ 16 GB ní ẹyọ kan wà lọ́jà o, kò lè ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. X240 tó tẹ̀ lé e, ojú kan ṣoṣo ló ní. X1 Carbon àti MacBook Air, lílẹ̀ ni wọ́n lẹ RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, ohun tó bá bá a wá láti ilé iṣẹ́ náà ló máa bá dọ́jọ́ alẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò lọ sọ́jà.

Mélòó ló tó? Fún Word, fíìmù, ìwádìí ilé ìwé àti Zoom, 8 GB ti tó. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe gíráfíìkì tàbí ẹ máa ń ṣí táàbù bí ẹni ń kó ẹ̀wù sórí okùn, ẹ lọ fún 16. Ẹyọ méjì tó bára mu máa ń yá ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ, torí kọ̀ǹpútà á máa bá méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣíìpù àwòrán tó wà nínú Intel yẹn náà máa ń jàǹfààní ẹ̀. Síbẹ̀ tó bá jẹ́ owó ni ò tíì tó, ẹ ra 8 GB ẹyọ kan, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ 4 GB tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 12 GB nìyẹn, kò sí òfin tó lòdì sí i.

Ọ̀rọ̀ SSD náà ní tiẹ̀. Èyí tó máa bá ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ mu ni SATA 2.5 ínǹṣì, ẹnu ẹ̀ àti ẹnu háàdì àtijọ́ dọ́gba. Ẹ wo bó ṣe nípọn tó: X230 ò gbà ju 7 mm lọ, SSD tó pọ̀ jù lónìí 7 mm náà ni, torí náà kò sí wàhálà níbẹ̀. Tí tiyín bá jẹ́ oní 9.5 mm, SSD á máa mì díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan tì í, àwọn kan máa ń fi rọ́bà yẹn sínú páálí tí wọ́n bá tà á. mSATA àti M.2 ni èyí tó dà bíi búrẹ́dì kékeré tí kò ní páálí lára. X230 ní ojú mSATA kan lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ń fi módẹ́ẹ̀mù sí, àmọ́ kò yára tó ojú ti háàdì, èmi ò ní tú kíbọ́ọ̀dù torí ẹ̀. Fún M.2, ẹ ṣọ́ra gidi, torí NVMe (irú SSD tó yára ju SATA lọ) àti SATA lè jọra lójú, kí láptọ́ọ̀pù yín sì má mọ NVMe rárá. Tó bá jẹ́ 2.5 lẹ nílò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà M.2 fún yín pé "ó yá jù".

Tó bá jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà lẹ fẹ́ lọ, àbí ọjà kọ̀ǹpútà ìlú yín, ẹ mú RAM àtijọ́ yẹn dání tàbí kẹ́ ẹ ya fọ́tò ìwé ara ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ máa ń dà báyìí: 4GB 1Rx8 PC3L-12800S. PC3L ni DDR3L, PC3 láìsí L ni DDR3 tó ń lo 1.5 volt, 12800 ni ti 1600 MHz, S yẹn ni SODIMM. Ẹ sọ ọ́ báyẹn fún wọn: "Ọ̀gá mi, ẹ bá mi wo PC3L-12800S, 8 gíìgì." Tó bá mú PC3 wá tó ní "Brọ́dá, ìkan náà ni wọ́n", ẹ ti mọ̀ pé bóyá ó kàn fẹ́ tajà ni tàbí kò mọ̀ ọ́n, ẹ dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àlòkù RAM ò burú, RAM kì í gbó bí háàdì ṣe ń gbó, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ kan níbẹ̀ kó tàn lójú yín, kẹ́ ẹ sì bèèrè pé ọjọ́ mélòó lẹ lè fi dá a padà.

SSD ni kẹ́ ẹ la ojú yín sílẹ̀ fún. Gbàrọgùdù ti pọ̀ lórí ẹ̀, pàápàá àwọn tí kò lórúkọ tí wọ́n kọ 2 TB tàbí jù bẹ́ẹ̀ sí lára tí owó ẹ̀ ò sì tó ti 256 GB tó lórúkọ. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ti yí ètò inú ẹ̀ kó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé òun tóbi, tẹ́ ẹ bá kó fáìlì sí i dé ibi kan, tuntun á máa pa èyí tó ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ẹ ò ní mọ̀ títí dọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá a. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera díìsìkì wò: ẹ ó rí Health Status, ẹ ó rí Power On Hours, ìyẹn wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ní tuntun ni tẹ́ ẹ sì rí 9,000 wákàtí, ẹ̀rín lẹ máa rín. Tẹ́ ẹ bá dé ilé, ẹ fi H2testw dán an wò kẹ́ ẹ tó kó nǹkan sí i, ó máa kọ ọ́ kún dẹ́nu, á wá kà á padà, ibẹ̀ ni irọ́ ti máa ń tú. 256 GB tó ọ̀pọ̀ èèyàn, 512 GB tẹ́ ẹ bá ní fíìmù àti fọ́tò tó pọ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíì. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń gbọ́ ọ tipẹ́. Ẹ ṣì kó o. Tí háàdì bá ti ń dún kọ́, kọ́, kọ́, tàbí CrystalDiskInfo kọ Caution sí i, ohun tó ṣe pàtàkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó, fọ́tò ọmọ, ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ má gbìyànjú àti kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan torí ó lè kú lójú ọ̀nà. Tí BitLocker (ètò Windows tó ń ti fáìlì pa) bá wà lórí ẹ̀, ẹ pa á, tàbí kẹ́ ẹ rí i pé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà gbọọrọ yẹn wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lórí láptọ́ọ̀pù yẹn náà o.

Ọ̀nà méjì ló wà láti ibẹ̀. Ìkan ni kíkọ́pì gbogbo háàdì lódindi sórí SSD, kí Windows, àwọn ètò yín, pásíwọ̀ọ̀dù, gbogbo ẹ̀ wà bó ṣe wà. Ẹ máa nílò wáyà kan tó ń so SATA mọ́ USB, kò wọ́n, ẹ so SSD mọ́ ọn, ẹ wá lo Clonezilla tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí ètò tí iléeṣẹ́ tó ṣe SSD yẹn bá fún yín. Clonezilla ò fẹ́ kí ibi tó ń lọ kéré ju ibi tó ti ń bọ̀, tó bá jẹ́ 500 GB ni háàdì yín tí SSD sì jẹ́ 256, wàhálà wà ńbẹ̀, ẹ máa kọ́kọ́ fi Disk Management inú Windows dín pátíṣọ̀n (ìpín inú háàdì) kù, kẹ́ ẹ sì wá ọ̀nà láti kọ́pì pátíṣọ̀n dípò gbogbo díìsìkì. Ẹ fojú sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń yan èwo ni "source" (ibi tó ti ń bọ̀) èwo ni "target" (ibi tó ń lọ), torí tẹ́ ẹ bá yí i padà, òfo SSD lẹ máa kọ́pì sórí gbogbo ayé yín. Kẹ́ ẹ sì rí i pé bátìrì kún, tí NEPA bá mú iná lọ ní àárín ẹ̀, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọ̀nà kejì ni fífi Windows tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi fẹ́ràn ìyẹn jù, torí láptọ́ọ̀pù tó ti wà láti bíi ọdún mẹ́wàá, oríṣiríṣi pàǹtírí ló ti wà nínú ẹ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ máa kó o lọ sílé tuntun? Ẹ lo fíláàṣì tó tó 8 GB, ẹ fi Media Creation Tool ti Microsoft tàbí Rufus ṣe é. Tí Windows 10 yín bá ti jẹ́ ojúlówó tẹ́lẹ̀, ìwé àṣẹ ẹ̀ so mọ́ bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù, pípààrọ̀ háàdì àti RAM ò ní kó o lọ, ẹ ṣáà fi ẹ̀yà kan náà sí i, Home sí Home, Pro sí Pro. Àmọ́ ẹ rántí pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù October 2025, Windows 11 sì ní òun ò gbà á bí kò bá sí TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò) àti Intel láti jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ lọ sókè, X230 ò sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, fíìmù àti LibreOffice (ètò ìkọ̀wé bíi Word) lẹ fẹ́ máa lò, ẹ fi Linux Mint tó ń rọ́pò Windows sí i, ọ̀fẹ́ ni, á fò bí ẹyẹ lórí SSD. Ohun yòówù kẹ́ ẹ fi sí i, kó jẹ́ 64-bit, torí Windows 32-bit kì í lò ju 4 GB lọ, ẹ máa ra RAM 16 GB lásán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u. Sukudiráfà kékeré oní-àgbélébùú kan tó. Orí tábìlì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì tàbí orí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ gbé àwo kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ fún nọ́ọ̀tì, tó bá yàtọ̀ síra ní gígùn ẹ tò ó bó ṣe jáde. Lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ara èèyàn máa ń gba iná kékeré jọ, iná tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ tó ta tẹ́ ẹ bá bọ́ súwẹ́tà yẹn, ó lè pa ṣíìpù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára, torí náà ẹ fọwọ́ kan irin ńlá kan kẹ́ ẹ tó mú RAM, kẹ́ ẹ sì máa tún un fọwọ́ kàn bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, Shut down gidi, kì í ṣe kẹ́ ẹ dé e mọ́lẹ̀. Ẹ yọ ṣájà. Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀. Bátìrì X230 wà lẹ́yìn, ẹ ti àwọn ìdè méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á yọ. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì tẹ́ ẹ fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún bíi sẹ́kọ́ǹdù mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ lè jáde. Àwọn láptọ́ọ̀pù tí bátìrì wọn wà nínú, tẹ́ ẹ bá ti ṣí ìdí ẹ̀, wáyà bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò lára bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun míì.

Háàdì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún (ọ̀tún nígbà tí kò tíì dojú délẹ̀), ideri pẹlẹbẹ kan ló bò ó, nọ́ọ̀tì kan ló dì í mú láti ìsàlẹ̀. Ẹ tú u, ẹ yọ ideri, ẹ máa rí ìwé pẹlẹbẹ tó yọrí síta, ẹ fà á gbọnrangandan, háàdì á jáde pẹ̀lú rọ́bà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ bọ́ rọ́bà yẹn, tó bá ní férémù irin ẹ tú u, ẹ kó gbogbo ẹ̀ wọ SSD lára, kí ẹnu ẹ̀ kọjú síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí, ẹ tì í wọlé tààrà títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé ó ti jókòó. Ó ti tán. Ẹlòmíì á gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín fún nǹkan yẹn.

RAM wà lábẹ́ ideri kékeré kan ní ìdí ẹ̀, ojú méjèèjì wà níbẹ̀. Irin méjì ló di ẹyọ kọ̀ọ̀kan mú lápá ọ̀tún àti òsì, ẹ fi èékánná ṣí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, RAM á ta sókè fúnra ẹ̀, ẹ wá fà á jáde bó ṣe dagun yẹn. Ẹ di etí ẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan ibi wúrà. Bẹ́ ẹ bá ń fi tuntun sí i, àlàfo ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ tì í wọlé ní ìdagun bí ìgbà tó jáde, títí tó fi jẹ́ pé wúrà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, irin méjèèjì á ké kọ́! Tí wúrà bá ṣì yọ kedere, kò tíì wọlé. Èyí ló fa ọ̀pọ̀ "ẹnjiníà ti ba láptọ́ọ̀pù mi jẹ́" tẹ́ ẹ ń gbọ́.

MacBook Pro 13 ínǹṣì ti àárín 2012, èyí tó ní ibi tí wọ́n ń ki CD sí, ló ṣeé tú bẹ́ẹ̀ náà nínú ti Apple. Nọ́ọ̀tì mẹ́wàá ló wà nídìí ẹ̀, tín-ín-rín gan ni wọ́n, ti ara háàdì sì fẹ́ sukudiráfà oní-ràwọ̀ T6. Wáyà pẹlẹbẹ tó gba abẹ́ háàdì kọjá ló máa ń bàjẹ́ lára wọn, tẹ́ ẹ bá fi SSD tuntun sí i tó ń háńgì tàbí tí kò rí i, ẹ fura sí wáyà yẹn kẹ́ ẹ tó bínú sí SSD.

Ká padà sí X230. Ẹ dá bátìrì padà, ẹ tan án, ẹ máa tẹ F1 léraléra. BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn, á ṣí. Ẹ wo ojú ewé àkọ́kọ́ bóyá RAM tó kọ síbẹ̀ pé, ẹ wá lọ sí Config, Serial ATA, kó wà ní AHCI (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà á fi bá SSD sọ̀rọ̀ dáadáa), kì í ṣe Compatibility. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Windows sí i láti fíláàṣì, F12 ni. Dell náà ń lo F12, HP sábà máa ń jẹ́ F9, Mac ni kẹ́ ẹ di Option mú.

Tí síkírìnì bá dúdú tó ń ké píìpù, ẹ má sáré gbé e lọ síbì kankan. RAM ò jókòó dáadáa ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ RAM méjèèjì, ẹ fi ìkan sí i, ẹ tan án. Tó bá tàn, ẹ yọ ọ́, ẹ fi èkejì sí ojú kan náà. Báyẹn lẹ ó ṣe mọ̀ bóyá RAM kan ló burú tàbí ojú kan. Tí RAM àlòkù bá dọ̀tí, ẹ fi írésà pẹ́ńsù funfun nu ibi wúrà ẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ fẹ́ eruku írésà yẹn dànù kẹ́ ẹ tó dá a padà, àwọn ọmọ Computer Village ti ń ṣe é tipẹ́, ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti tàn, ẹ jẹ́ kí MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú, ẹyọ àṣìṣe kan péré tó bá rí, RAM yẹn ń padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á.

Tí Windows tuntun ò bá rí SSD, ẹ yẹ AHCI yẹn wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì tún un kì wọlé. Tẹ́ ẹ bá kọ́pì tí C: wá ń fi ìwọ̀n ti àtijọ́ hàn, ẹ lọ sí Disk Management, ẹ tẹ C:, Extend Volume. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Command Prompt bí Administrator, ẹ tẹ fsutil behavior query DisableDeleteNotify, tó bá dáhùn 0, TRIM ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń jẹ́ kí SSD mọ ibi tí fáìlì ti kúrò kó má bàa máa lọ́ra bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ẹ má fi ètò díífírágì (èyí tó ń to fáìlì jọ) kankan tẹ́ ẹ dánlódù sí i, Windows mọ ohun tó máa ń ṣe fún SSD fúnra ẹ̀. Tí àyè bá sì ṣe pàtàkì sí yín, tẹ́ ẹ kì í lo Hibernate, powercfg /h off á pa fáìlì ńlá kan rẹ́ tó máa ń tóbi sí i bẹ́ ẹ ṣe ń fi RAM kún un.

Ó ku háàdì àtijọ́. Ẹ má tà á lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé kò sí fáìlì kankan tẹ́ ẹ gbàgbé. Tó bá ṣì lágbára, ẹ ra kásìnì USB 2.5 fún un, á di ibi tẹ́ ẹ ń kó ẹ̀dà fáìlì sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fún èèyàn, fọ́máàtì lásán ò tó, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á kó fọ́tò yín padà láìlàágùn. Ẹ so ó mọ́ USB, ẹ ṣí diskpart, ẹ tẹ list disk, ẹ wo ìwọ̀n GB ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ má baà yan SSD yín, ẹ tẹ select disk pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ clean all. Á kọ òdo sí gbogbo ara ẹ̀, ó sì lè gba wákàtí púpọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣe é kẹ́ ẹ lọ sùn.